ỌJỌ́ MẸ́TA REHOBOAMU ÀTI ỌGBỌ̀N OṢÙ WA

Ìwàásù Àjọ̀dún
Ibi Kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 12, ẹsẹ 1 sí 24



Ọjọ́ ayọ̀ lọjọ́ òní. A ti lu agogo, a ti tan àbẹ́là, aṣọ funfun wa mọ́ gaara. Ẹlòmíràn lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ogun wá síbi àsè. Ẹ dákun, ọjọ́ tí ilé bá tutù ni ó yẹ kí á sọ̀rọ̀ iná. Lọ́jọ́ tí iná bá ń jó, omi ni gbogbo èèyàn ń wá kiri, kò sí ẹni tí í jókòó gbọ́ ìwàásù. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí ni wọ́n bí lẹ́yìn ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa. Bí àlọ́ ni ó rí létí wọn. Àwọn tó fojú rí i ń dín kù lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á jọ gbé e wò nínú Ìwé Mímọ́: báwo ni àwọn tó jẹ́ ará ṣe ń di ẹni tó ń kọjú ìbọn síra wọn? Ibo gan-an ni ogun ti ń bẹ̀rẹ̀?

ỌJỌ́ MẸ́TA NÍ ṢEKEMU

Solomoni ọba ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Gbogbo Israẹli péjọ sí Ṣekemu láti fi Rehoboamu ọmọ rẹ̀ jọba. Ẹ kíyè sí i dáadáa: wọn kò mú idà wá o. Ìwúyè ni wọ́n bá wá, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sì gbé wá. Wọ́n ní àjàgà tí baba rẹ̀ gbé kọ́ àwọn lọ́rùn ti wúwo jù. Bí ó bá lè bá àwọn dín in kù, àwọn yóò máa sìn ín.

Ọba tọrọ ọjọ́ mẹ́ta. Kò burú. Ẹni tó bá tọrọ àkókò láti ronú, ọlọ́gbọ́n ni. Ó bi àwọn àgbà tó ti bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá àwọn èèyàn náà lóhùn, pé bí ó bá lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, tirẹ̀ ni wọn yóò jẹ́ títí ayé. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún bi àwọn èwe tí wọ́n jọ dàgbà láàfin. Àwọn yẹn ní bí ó bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọn yóò rí i fín. Wọ́n ní kí ó sọ fún wọn pé pàṣán ni baba òun fi ń nà wọ́n, àkeekèé ni òun yóò fi nà wọ́n.

Ọjọ́ kẹta pé, ohun tí ọba sì sọ nìyẹn. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Obì wà lápò Rehoboamu lọ́jọ́ náà. Ọfà ló fà yọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á dá ọba nìkan lẹ́bi. Ẹ wo àwọn ará ìlú náà. Bí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle yẹn báyìí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilé Dafidi lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú gba àgọ́ rẹ̀ lọ. Ọba ti tọrọ ọjọ́ mẹ́ta. Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó tọrọ ọjọ́ kẹrin. Kò sí ẹni tó ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí á lọ sùn lé e, kí á padà wá lọ́la." Ọba takú, ìlú náà takú.

Lẹ́yìn náà ni ọba rán Adoramu sí wọn. Ta ni Adoramu? Òun gan-an ni olórí iṣẹ́ àfipáṣe, ẹni tí àjàgà tí wọ́n ń sunkún lé lórí wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ṣé irú ẹni tí à ń rán lọ bẹ̀bẹ̀ nìyẹn? Wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa. Ọba sì fò sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó sá lọ sí Jerusalẹmu.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ Adoramu ti ta sílẹ̀, ẹ tún gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àjàgà mọ́? Rárá o. Ohun tó gbé wọn wá sí Ṣekemu ti sọnù. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Rehoboamu kó ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ọmọ ogun jọ, ìyẹn 180,000 àṣàyàn ọkùnrin, láti lọ bá àwọn arákùnrin rẹ̀ jà.

ILẸ̀KÙN TÍ A TÌ LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ilẹ̀ tiwa wàyí. Kò ní dára kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹlòmíràn, nítorí ilé tiwa níhìn-ín, ní Ìwọ̀-Oòrùn, ni èéfín ti kọ́kọ́ rú.

Ní 1962, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún náà, àga fò nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá sì fi èéfín atanilójú tú àwọn aṣòfin ká. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ fi gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ìlú dìbò yàn. Wọ́n ka orí èèyàn ní 1962, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún un kà ní 1963, apá kan ní irọ́ ni. Wọ́n dìbò ní òpin 1964, apá kan kọ̀ láti dì í. Nígbà tí 1965 wọlé, Ààrẹ Nnamdi Azikiwe kọ̀ láti pe Sir Abubakar Tafawa Balewa kí ó dá ìjọba sílẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, gbogbo orílẹ̀-èdè mú èémí dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní wọ́n bá ara wọn ṣe àdéhùn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ bo ojú egbò, wọn kò fọ ọyún inú rẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ní oṣù kẹwàá 1965, ìdìbò tún dé sí Ìwọ̀-Oòrùn. Èrú pọ̀ nínú rẹ̀, ìlú sì gbiná. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa kò lè gbàgbé wẹ́tìẹ̀. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé onílé, wọ́n ń dà á sára ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ń ṣáná sí i. Ta ni ń ṣe é? Ará àdúgbò ni. Ẹni tí a jọ ń pọnmi lódò kan náà ni.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn ọmọ ológun kan dìde. Wọ́n pa Balewa, wọ́n pa Sir Ahmadu Bello Sadọ́nà, wọ́n pa Akíntọ́lá, wọ́n pa Festus Okotie-Eboh, wọ́n pa àwọn ọ̀gá ológun. Àwọn kan jó níta. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún kan náà, àwọn ológun mìíràn gbẹ̀san: wọ́n pa Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba, wọ́n sì pa Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò ní Ìbàdàn mọ́ ọn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ìlà-Oòrùn ní Òkè-Ọya. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó di ẹrù rẹ̀ padà sílé, òmíràn láìní ẹrù kankan. Ẹ̀jẹ̀ Adoramu ti ta sílẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, Ọlọ́run aláàánú ṣì fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta tiwa. Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù kìíní 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu pẹ̀lú àwọn olórí ológun yòókù pàdé ní Aburi, ní ilẹ̀ Gánà. Ojukwu kò lè wá sí Èkó nítorí ẹ̀mí rẹ̀, ni olórí ilẹ̀ Gánà, Ọ̀gágun Ankrah, bá gbà wọ́n lálejò. Wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká. Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní fi ìbọn parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wá wò ó! Obì ti jáde lápò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oníkálukú délé, ìwé kan náà di ìtumọ̀ méjì. Èkó ní ohun tí àwọn fọwọ́ sí kò sọ pé kí ìjọba àpapọ̀ tú ká. Enugu ní ohun tí àwọn fọwọ́ sí ni pé kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa mójú tó ara rẹ̀. Ní oṣù kẹta, Èkó gbé òfin jáde lórí rẹ̀. Enugu ní kì í ṣe bí a ti sọ ọ́ nìyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, Enugu ní òun yóò máa gba owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà ní Ìlà-Oòrùn. Èkó dá ọkọ̀ òfurufú dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, Olóyè Awólọ́wọ̀ àti àwọn àgbà kan lọ bá Ojukwu ní Enugu láti pẹ̀tù sí i. Ní ọjọ́ 27, Gowon pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, ó sì pín Ìlà-Oòrùn sí mẹ́ta. Ní ọjọ́ 30, Ojukwu kéde pé Ìlà-Oòrùn ti di Biafra. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ìbọn dún.

Láti Aburi sí ìbọn àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà péré ni!

Ẹ̀yin ará, ẹ tún ka àwọn ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ń jẹ́ ogun nínú wọn. Òfin ni èyí, owó-orí ni tọ̀hún, ìpínlẹ̀ ni ìkẹta. Ẹni tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan rò pé òun kàn ń dúró lé ẹ̀tọ́ òun ni. Ẹ̀tọ́ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ta ni yóò wí fún ẹni tí wọ́n pa ẹbí rẹ̀ nípakúpa pé kí ó má bẹ̀rù? Ta ni yóò sì wí fún ẹni tí wọ́n fi orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́ pé kí ó káwọ́ lẹ́rán kí ó fọ́? Àwọn èèyàn Calabar, Ogoja àti ẹ̀bá odò tó wà láàárín náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn, ìwọ̀nba sì ni ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. Ẹ̀tọ́ wà lọ́tùn-ún, ẹ̀tọ́ wà lósì. Ẹ̀tọ́ méjì tó kọ̀ láti jókòó pọ̀ ló bí ogun.

Ẹ̀mí kan wà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. N kò rí orúkọ mìíràn fún un ju ẹ̀mí Èmi-ò-gbà. Àmì mẹ́ta ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Èkíní, ó máa ń sọ ìrẹ̀lẹ̀ di ẹ̀tẹ́. Yóò máa sọ sí ọ lọ́kàn pé, "Bí o bá gbà, wọn á ní o bẹ̀rù." Ohun tó pa Rehoboamu nìyẹn.

Èkejì, ó máa ń jẹ́ kí á gbọ́ràn sí ẹni tí kò ní bá wa san gbèsè rẹ̀. Àwọn èwe tó gba ọba nímọ̀ràn àkeekèé, kò sí èyí tí wọ́n sọ lókùúta nínú wọn. Adoramu ló kú. Nígbà tí ogun tiwa dé, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló gbé ìbọn sí èjìká. Àwọn tó ń pariwo pé kò gbọdọ̀ sí ìfàsẹ́yìn, púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ìró àgbá rí.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a máa sọnù. Ohun tí a lè fi gbólóhùn kan tún ṣe lónìí, bó bá di ọ̀la, ìwé òfin ni yóò gbà. Bó bá di ọ̀tunla, ẹgbẹ̀rún òkú kò ní tó.

ỌGBỌ̀N OṢÙ

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni. Wọ́n rò pé kò ní pẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1967, ọmọ ogun Biafra wọ Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa títí wọ́n fi dé Ore. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró, ibẹ̀ sì ni àwọn baba wa ti mú ọ̀rọ̀ tó di àṣà lẹ́nu wa: ó le kú, ìjà Ore. A ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lónìí. Àwọn tó sùn síbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ Asaba, àwọn ará ìlú jáde wá pàdé wọn. Wọ́n wọ aṣọ funfun ìbílẹ̀ wọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń ké pé ọ̀kan ni Nàìjíríà. Wọ́n ya ọkùnrin àti ọmọkùnrin sọ́tọ̀ láàárín wọn, wọ́n yìnbọn pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ funfun lónìí, ẹ rántí wọn. Aṣọ tí a fi ń wá àlàáfíà ni wọ́n wọ̀ kú.

Ebi wá dé. Wọ́n sé ọ̀nà oúnjẹ mọ́ Biafra. Ikùn àwọn ọmọdé wú, irun wọn pọ́n, ẹsẹ̀ wọn di igi ìṣáná. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor. Àwọn ìjọ láti ilẹ̀ òkèèrè ń fi bàálù gbé oúnjẹ wọlé lóru sí Uli, nínú òkùnkùn, láàárín bọ́ǹbù. Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Síbẹ̀, iye ẹni tó kú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ọmọdé tí ebi pa, ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó lé ní mílíọ̀nù kan. Lápá méjèèjì, Ọlọ́run kan náà ni àwọn Kristẹni ń ké pè. Sáàmù kan náà ni wọ́n ń kà lòdì sí ara wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970, Ọ̀gágun Philip Effiong fi ìwé ìtúúbá lélẹ̀ ní Dodan Barracks ní Èkó. Ọdún mẹ́rin gééré lọ́jọ́ kan náà tí ìbọn àkọ́kọ́ ti dún ní 1966! Ogun náà gba ọgbọ̀n oṣù. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí kò lo ọgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, ọgbọ̀n oṣù ni yóò fi san án.

Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ rere ni, a sì dúpẹ́ pé wọn kò tún dá ojúbọ ẹ̀san sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún poun ní báńkì kí ogun tó dé, tó sì ti lò ó nígbà ogun, poun 20 péré ni ó rí gbà. Mo rántí ohun tó dé bá Rehoboamu lẹ́yìn náà, ní orí 14. Ní ọdún karùn-ún ìjọba rẹ̀, Ṣiṣaki ọba Ijibiti gòkè wá kó àwọn asà wúrà tí Solomoni ṣe lọ. Rehoboamu wá fi idẹ rọ òmíràn dípò rẹ̀. Bí ó bá ń lọ sí ilé Olúwa, wọn a gbé asà idẹ tẹ̀ lé e, wọn a sì dá a padà sí yàrá ẹ̀ṣọ́. Ìrìn ọba ṣì ń lọ bí ìrìn ọba. Wúrà ló lọ, tí idẹ dé. Ilẹ̀ tó bá ti kọjá nínú ogun ará sí ará, kì í tètè rí wúrà rẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀mí náà ti kú. Ní 1993, nígbà tí wọ́n fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ibùdókọ̀ kún ní Èkó. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn tún ń di ẹrù, wọ́n ń lọ sílé, nítorí wọ́n rántí 1966. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, yóò sá. Ìgbàkigbà tí ìdìbò bá dé, tí wọ́n ní kí ẹ̀yà kan máa lọ sílé rẹ̀, ẹ mọ̀ pé Èmi-ò-gbà ló tún ń kan ilẹ̀kùn.

ỌKÙNRIN KAN ṢOṢO

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ibi kíkà wa, nítorí kò parí sí 180,000 ọmọ ogun. Ẹ wo ẹsẹ 22 sí 24. Ọ̀rọ̀ Olúwa tọ Ṣemaiah ènìyàn Ọlọ́run wá. Ó jáde sí àwọn ọmọ ogun náà, ó sì sọ fún wọn pé Olúwa ní kí wọ́n má ṣe gòkè lọ bá àwọn arákùnrin wọn jà, kí kálukú padà sílé. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì padà.

Haleluya! Kò sọ iná kalẹ̀ láti ọ̀run, kò pín òkun níyà. Ẹnu lásán ló lò. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ọkùnrin sọ idà sí àkọ̀, wọ́n lọ bá aya àti ọmọ wọn lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni pé Bíbélì ní ìjà kò tán láàárín ọba méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ kíyè sí ibi tí Ṣemaiah ti sọ̀rọ̀. Kò lọ sọ́dọ̀ Jeroboamu láti lọ bá ọ̀tá wí. Àwọn ará ilé tirẹ̀ ló kọjú sí. Èyí ni kókó ìwàásù mi lónìí. Láti bá ẹ̀yà kejì wí kò ṣòro, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́ fún ọ. Láti dúró níwájú àwọn ènìyàn tìrẹ tí inú ń bí, kí o ní, "Ẹ má lọ, arákùnrin yín ni," iṣẹ́ wòlíì nìyẹn. Ibẹ̀ ni ogun ti ń dúró. Ará ìhà kejì kò lè dá ọwọ́ tìrẹ dúró. Ìwọ ni ará ilé rẹ yóò gbọ́ ohùn rẹ.

Ẹni tó bá ṣe é lè jìyà. Ní oṣù kẹjọ 1967, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọjá lọ sí Biafra láti wá bí ogun náà yóò ṣe dúró. Ìjọba àpapọ̀ tì í mọ́lé, kò jáde títí di oṣù kẹwàá 1969. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn sì wà tí iṣẹ́ wọn yọrí sí rere. Nígbà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti wà ní ibùdó láti bí ọdún mẹ́sàn-án tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ ká àgọ́ rẹ̀, àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ọmọ Yorùbá méjèèjì, ni ìjọba Èkó rán láti máa gbé ọ̀rọ̀ láti àgọ́ kan sí èkejì. Ní 1886, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n sì tú ibùdó náà ká. Ọkùnrin méjì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ìwé ọwọ́ wọn.

Ẹ̀yin wòlíì àti aríran wa, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ahabu ní wòlíì irinwó, gbogbo wọn sì rí ìran pé yóò ṣẹ́gun. Mikaiah nìkan ló sọ òótọ́, wọ́n gbá a létí, wọ́n tì í mọ́lé. Bí olóṣèlú bá gbé àbẹ́là àti òróró wá bá yín lóru, tó ní kí ẹ bá òun gbàdúrà kí ẹnìkejì òun wó lulẹ̀, kí ẹ tó gbé agogo, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: "Ọmọ mi, o ti lọ bá a nílé?" Bí kò bá tíì lọ, ẹ dá àbẹ́là rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí Abigaili. Ọkọ rẹ̀ takú, Dafidi ti so idà mọ́dìí pẹ̀lú irinwó ọkùnrin. Abigaili kò ní, "Ọkọ mi kò gbọdọ̀ tẹ́." Ó di oúnjẹ ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó lọ pàdé wọn lọ́nà. Kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ogun ti tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìròyìn tó bá dé orí fóònù yín pé wọ́n ti ń pa àwọn èèyàn wa níbì kan, ẹ má tàn án kálẹ̀ kí ẹ tó mọ òótọ́ rẹ̀. Àgbọ́sọ ọ̀rọ̀ ti pa èèyàn ní ilẹ̀ yìí ju ìbọn lọ.

KÍ Ó BẸ̀RẸ̀ NÍ ILÉ OLÚWA

Ẹ má bínú sí mi bí mo bá fi èyí kádìí rẹ̀. Àwa Aládùúrà, a mọ bí a ti ń gbàdúrà, a sì mọ bí a ti ń pín. Ẹ yí àdúgbò yín ká. Ẹ óò rí ìjọ tó ní àgádágodo méjì lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ óò rí èyí tí ọlọ́pàá ń dúró ṣọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí alàgbà àti alàgbà kò kí ara wọn, tí ẹjọ́ wọn ti lo ọdún púpọ̀ ní kóòtù. Ẹ sì bi wọ́n ní ohun tó fà á. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ oyè ni, tàbí ti àpótí owó, ohun tí èèyàn méjì lè fi ìrọ̀lẹ́ kan yanjú. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Báwo ni a ṣe lè gbàdúrà fún ìṣọ̀kan Nàìjíríà nínú ilé tí a fi àgádágodo méjì tì?

Nítorí náà, mo fún olúkúlùkù yín ní ọjọ́ mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ẹnì kan wà tí ìwọ àti rẹ̀ kò bá ara yín sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ. Ó lè jẹ́ ará ìjọ tí ẹ jọ ń wọ sutana. Ó lè jẹ́ aládùúgbò tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ, tí ẹ jà nígbà ìdìbò. Má rán Adoramu sí i. Má rán ẹni tó mú inú bí i tẹ́lẹ̀ láti lọ bẹ̀ ẹ́. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, kí oòrùn ọjọ́ kẹta tó wọ̀. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ líle sí ọ, tọrọ ọjọ́ kẹrin.

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run Ṣemaiah, Ìwọ tí o fi ẹnu ènìyàn kan dá ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ọmọ ogun padà sílé, ṣàánú fún ilẹ̀ wa Nàìjíríà. Fi àgbà tó ń sọ òótọ́ yí àwọn alákòóso wa ká, kí o sì dí etí wọn sí ìmọ̀ràn àkeekèé. Lé ẹ̀mí Èmi-ò-gbà jìnnà sí ilé wa, sí ìjọ wa, sí orílẹ̀-èdè wa. Rántí àwọn ọmọ tí ebi pa, àwọn tó wọ aṣọ funfun kú ní Asaba, àwọn tó sùn sí Ore, àti ti gbogbo ìhà. Má jẹ́ kí á tún fi ọmọ wa san irú gbèsè bẹ́ẹ̀ láé. Bí àjọ̀dún mìíràn bá pé, jẹ́ kí á pé pérépéré, kí á sì wà ní ìrẹ́pọ̀. Ní orúkọ Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín, Àmín, Àmín. Àṣẹ.